Gìtá Tí A Fi Etí Yàn ní Ìpọ̀nrí

Ẹ gbé fóònù yẹn sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ; ojú àgbà kì í yára mú nǹkan. Àwòrán gìtá aláwọ̀ búlúù tó ń dán bí ọkọ̀ tuntun ni ẹ fi ń hàn mí, ẹ sì ní kí n súre fún un kí wọ́n tó gbé e wá láti Yábà. Mo ti wò ó. Mo bi yín pé igi wo ni wọ́n fi ṣe ojú rẹ̀, ẹ ní ẹ kò mọ̀. Mo bi yín pé báwo ni ìbàdí rẹ̀ yóò ṣe jókòó lórí itan ẹni tí yóò ta á, ẹ ń wo ara yín lójú. Mo bi yín pé ta ni nínú yín ló ti gbọ́ ohùn rẹ̀, èyí tó kéré jù sì dá mi lóhùn pé, "Bàbá àgbà, àwọn tó rà á ti fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún." Ìràwọ̀. Ṣé ìràwọ̀ ni ẹ fẹ́ máa ta nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni, àbí gìtá?

Inú ń bí mi, n kò sì ní bò ó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin gan-an ni mo ń bínú sí. Ẹni tí a kò kọ́ kò jẹ̀bi àìmọ̀. Ayé tó kọ́ yín pé ojú lásán tó láti fi mọ ohun tí etí ni í mọ̀ ni mo ń bá jà, n ó sì máa bá a jà títí wọn yóò fi gbé mi lọ sí Iléṣà, níbi tí àwọn baba mi sùn sí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ fà sún mọ́ mi, kí n tú àkísà tèmi wò fún yín.

Ní Ìpọ̀nrí ìgbà tí mo ń sọ yìí, kí ilé alájà-lórí-àjà tó pọ̀ níbẹ̀ tó báyìí, ohùn ni a fi ń mọ àkókò. Ìpè àdúrà láti mọ́ṣáláṣí ni yóò kọ́kọ́ jí wa, lẹ́yìn náà agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ ìránṣọ télọ̀ tó wà lójúde. Nírọ̀lẹ́, bí asọ̀rọ̀mágbèsì bá ti ka ìròyìn tán, gìtá á bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Akọ̀wé ìjọba ń ta á, tíṣà ń ta á, ọkùnrin tó ń tún aago ọwọ́ ṣe ń ta á. Kò sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ẹnikẹ́ni lè sá sí lábẹ́. Ohùn tí igi bá fún ọ ni wàá lò. Lónìí, wọn a ki wáyà bọ inú gìtá, wọn a ki òdìkejì rẹ̀ bọ inú àpótí gbohùngbohùn tó ga ju àlùfáà lọ, gìtá gidi àti àpótí ọṣẹ yóò sì máa ké bákan náà. Ẹ ní ìlọsíwájú ni. Mo ní kí ẹ ṣàlàyé fún mi bí ohun tó sọ ọlọ́gbọ́n àti aṣiwèrè di ọ̀kan náà ṣe jẹ́ ìlọsíwájú.

Nítorí náà ni a ṣe ní òfin kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀: a kì í fi ojú ra gìtá. Ẹni tó bá fẹ́ rà yóò yá a wá sílé lọ́jọ́ Sátidé lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta yóò jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé. Ẹlòmíràn, tí kò mọ̀ ọ́n ta rárá, yóò wà ní ilé ìdáná lẹ́yìnkùlé, ògiri yóò sì wà láàárín wọn. Iṣẹ́ ni onítọ̀hún gbọ́dọ̀ máa ṣe. A kò ní jẹ́ kó jókòó tẹtí lásán, torí pé bóyá ni ènìyàn kan fi ń jókòó tẹtí lásán nínú ayé. A kò ní bi í pé èwo ló dùn, nítorí adùn kò ní ẹ̀rí. A ó bi í pé orin wo ló gbọ́, kí ni orin náà sì wí. Gìtá tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá la ògiri kọjá, tó bá ariwo epo gbígbóná àti ẹkún ọmọ pàdé lọ́nà, tó ṣì mọ́ geere nígbà tó dé, òun la ó rà.

Ẹ má rò pé bí a kò ṣe fi ojú rà á, a kò mọ ara rẹ̀. A mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ẹbí. Èyí tí èjìká rẹ̀ gbòòrò, tí ikùn rẹ̀ tóbi, tí ìbàdí rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ wọnú, Ìyá Ńlá là ń pè é. Ohùn rẹ̀ ń ti ìsàlẹ̀ wá bí àrá tó jìnnà. Ó dára fún ẹni tó bá dúró láàárín ẹgbẹ́ akọrin tí ń ké tagbáratagbára. Ṣùgbọ́n bí ohùn kan ṣoṣo bá fẹ́ kọrin lé e lórí, Ìyá Ńlá a gbé ohùn náà mì. Èyí tó kéré, tí ìbàdí rẹ̀ wọnú dáadáa, Oníbàdí là ń pè é ní tirẹ̀. Kì í pariwo, ṣùgbọ́n ó ń pe ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń jókòó lórí itan láì máa yọ̀ bí ọmọ tí kò fẹ́ kí a gbé òun. Abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Ti igi náà ńkọ́? Ojú gìtá ni ọ̀gá, nítorí òun ni wáyà ń bá sọ̀rọ̀. Èyí tó dára jù ni igi funfun láti ilẹ̀ òtútù, tí fọ́nrán rẹ̀ tò tààrà bí ilà ìwé ọmọ ilé-ìwé. Bó bá jẹ́ pákó kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe ojú náà, ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Yóò wú nígbà òjò, yóò súnkì nígbà ọyẹ́, bí o kò bá sì tọ́jú rẹ̀ yóò là. Bó bá jẹ́ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a lẹ̀ mọ́ra, òjò kò ní rí i ṣe, ohùn rẹ̀ kò sì ní dàgbà láéláé. Ẹ̀yìn àti ìhà rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀gánwó, tí ohùn rẹ̀ gbóná, tó rọ̀. Ó lè jẹ́ igi apá, tó wúwo, tó sì le, tí ohùn rẹ̀ mọ́ bí abọ́ tánganran. Àwọn kan ní Múṣin máa ń fi igi arèrè ṣe ojú gìtá torí pé ó rọrùn láti gé. Ìyẹn a dùn títí àwọn tó wá síbi ìkómọ yóò fi tú ká, nígbà tó bá sì fi di ọdún kejì, ojú rẹ̀ á ti wọnú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó.

Mo sì fẹ́ kí èyí yé yín dáadáa, nítorí n kò fẹ́ràn àwọn àgbà tó ń parọ́ mọ́ ìgbà èwe wọn: púpọ̀ nínú gìtá ìgbà náà kò dára. Ìgbà kò lọ bí òréré, ayé kò lọ bí ọ̀pá ìbọn, ohun burúkú sì wà nínú àtijọ́ bó ṣe wà nínú òní. Etí ni a ní tí ẹ kò ní. Ohun tí mo ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe pákó.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Ṣadé, ló kọ́ mi ní gbogbo èyí. Tíṣà ni ní Yábà. Ó kúrú, ó fẹ̀ díẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ ìfárí lọ. Èmi ti wà ní yunifásítì nígbà náà, mo sì ń bá gbogbo ayé jiyàn, ṣùgbọ́n n kì í bá òun jiyàn. Òun ló ń darí àwọn akọrin obìnrin ní ìjọ wa, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan ní Ìpọ̀nrí. Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, ikán jẹ dùùrù ìjọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, ìyẹ̀fun ló dà sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn akọrin ti ń kọrin láìsí ohun tí yóò gbé ohùn wọn dání, tí wọ́n sì ń dín kù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Àǹtí Ṣadé bá lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìjọ, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ta gìtá níbi Ìkórè.

Bàbá Ìjọ wa, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, ni ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń jẹ́ òpin níbẹ̀. Ọkùnrin gíga ni, ó fẹ́ràn ilé Ọlọ́run bí ẹni fẹ́ràn ọmọ bíbí inú rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kun àwọn àga ìjọ ní fáníìṣì kí Ìkórè tó dé lọ́dọọdún, kò sì gbà kí káfíńtà fọwọ́ kàn wọ́n.

"Gìtá, Ṣadé? Ohun èlò ilé ẹmu?"

"Abọ́ náà wà nílé ẹmu, sà. A ṣì ń fi abọ́ gba ọrẹ."

Ó wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó wá ní, "Ó dáa. N ó jókòó sórí àga tó kẹ́yìn lọ́jọ́ Ìkórè. Bí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ orin láti inú gìtá rẹ níbẹ̀, gìtá ti wọlé. Bí n kò bá gbọ́ ọ, kó máa padà síbi tó ti wá, kí ẹnikẹ́ni má sì tún dárúkọ rẹ̀ fún mi mọ́."

Ìgbìmọ̀ fara mọ́ ọn. Nígbà tí a jáde, Àǹtí Ṣadé sọ fún mi pé bí òun bá kùnà, kò sí ẹni tí yóò sọ pé gìtá ló kùnà. Obìnrin ni wọn yóò ní ó kùnà, àwọn akọrin òun yóò sì tú ká. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fún un.

A lọ sí Ìdí-Òrò ní Múṣin, sí ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá Múfú, tó jẹ́ pé gìtá tó bá ti pẹ́ jù lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa ń yìn jù. Ìyá Ńlá kan ló kọ́kọ́ gbé jáde, dúdú, ó ń dán.

"Àǹtí Tíṣà, ẹ wo ọmọge. Bí ẹ bá ta èyí ní Ìpọ̀nrí, wọn á jó o ní Ojúẹlẹ́gbà."

"Ṣé ẹni tó wà ní Ojúẹlẹ́gbà ló bẹ̀ mí níṣẹ́ ni?"

"Ẹ ò rí i bó ṣe ń dán?"

"Mo rí i. Bàtà ọlọ́pàá náà ń dán." Ó fi imú sí ihò gìtá náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e padà fún un. "Gúlúù ni wọ́n fi sebẹ̀ èyí."

"Àǹtí, gìtá là ń tà níbí, a kì í ta ọbẹ̀."

"Kò burú. Gbé èyí tó wà lẹ́yìn rẹ yẹn wá, èyí tí o fi aṣọ bò bí ẹni tó jẹ gbèsè."

Oníbàdí kan ni. Ó rí ràkọ̀ràkọ̀, kò dán rárá. Pákó kan ṣoṣo ni ojú rẹ̀, ọ̀gánwó ni ẹ̀yìn rẹ̀. Àǹtí Ṣadé fi ìka kan án bí ẹni ń kan igbá wò, ó sì tẹ́tí sí i. A yá méjèèjì lọ, nítorí ìgbìmọ̀ ti ní Ìyá Ńlá ni àwọn fẹ́. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì tóbi, gìtá náà gbọ́dọ̀ tóbi. Ọ̀mọ̀wé wà nínú wọn o. Àgbá òfìfo ní ń pariwo, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni kì í fi ariwo rẹ̀ ka ìwé mímọ́.

Màmá Rísí, onílé wa, ni a fi sí ẹ̀yìn ògiri. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Mùsùlùmí, kò mọ orúkọ wáyà kan lára gìtá, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ti dàgbà. Dòdò ló ń dín. Àǹtí Ṣadé jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ìgbìmọ̀ dúró yí i ká, èmi ń lọ, mo ń bọ̀ láàárín wọn àti ilé ìdáná. Ó fi Ìyá Ńlá ta orin ọpẹ́ ìkórè. Mo bi Màmá Rísí pé kí ló gbọ́.

"Mo gbọ́ pé ẹnì kan ń yí àgbá ní iwájú ilé mi."

Ó fi Oníbàdí ta orin kan náà. Mo padà dé ilé ìdáná, mo bá èéfín. Màmá Rísí dúró, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀, dòdò ti dúdú nínú epo.

"Màmá, dòdò yín."

"Dákẹ́, jẹ́ kó parí. Orin yín yẹn ni, èyí tí ẹ máa ń kọ bí ẹ bá kórè iṣu tí ẹ kò gbìn." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò fo ìlà kan.

Ẹ̀rí wo ni ìgbìmọ̀ tún fẹ́ lẹ́yìn dòdò tó jóná? Wọ́n ra Oníbàdí, wọ́n sì tì í mọ́ yàrá àlùfáà de Ìkórè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá bàjẹ́ nìyí, ìfẹ́ ló sì bà á jẹ́. Bàbá Ìjọ gbọ́ ìtàn dòdò, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì rọ̀ sí gìtá náà. Ní ọ̀sẹ̀ Ìkórè, bó ṣe ń kun àwọn àga, ó rí Oníbàdí ní ìhòòhò láàárín ohun tó ń dán, àánú ṣe é. Ó ní wọn yóò fi Ṣadé ṣe yẹ̀yẹ́ pé gìtá tálákà ló gbé wá síwájú Olúwa. Ó kùn ún ní fáníìṣì. Ó tún un kùn. Nígbà tó rántí ohun tí ikán fi ojú dùùrù rí, ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ihò gìtá, ó sì kun inú rẹ̀ pẹ̀lú. Òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ṣe bá mi.

Lọ́jọ́ Sátidé ìgbáradì, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lé Àǹtí Ṣadé lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ń tàn. Àǹtí fi ìka fa wáyà. Ohùn tó jáde dà bí ti ẹni tó ń pe ènìyàn láti inú àpò gàrí. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wo ojú bàbá náà, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣé, sà. Ó dán."

Nígbà tí a dé ìta, inú ń bí mi. Mo ní n ó lọ bá Bàbá Ìjọ, n ó lọ bá ìgbìmọ̀, n ó lọ bá bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀.

"Kí o lọ sọ kí ni fún un? Pé ìfẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù?"

"Kí n sọ pé ó ti ba ọ̀la yín jẹ́, Àǹtí."

"Ó mọ̀ mí láti ìgbà tí mo wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Má bá a sọ nǹkan kan. Ohun tó bá kù nínú rẹ̀ ni n ó ta."

Ìkórè dé. Iṣu, ọsàn àti ìrèké kún iwájú pẹpẹ, àwọn àga ń dán. Àga tó kẹ́yìn ni èmi àti Bàbá Ìjọ jọ jókòó sí, òun nínú kóòtù dúdú rẹ̀. Àǹtí Ṣadé jókòó lẹ́bàá pẹpẹ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta orin ọpẹ́. Mo rí ìka rẹ̀ tó ń rìn. Àwọn akọrin rẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì kọrin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó gbé ẹyin, kí gìtá lè rí ọ̀nà kọjá. Gbogbo ìjọ na ọrùn síwájú. Ohùn àwọn obìnrin dé ọ̀dọ̀ wa. Ti gìtá kò dé.

Nígbà tí orin parí, gbogbo ojú yí padà sí ẹ̀yìn. Àlùfáà ní, "Bàbá Ìjọ, ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

Bàbá náà gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Fáníìṣì ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí yóò sọ tí gbogbo wa yóò fi lọ jẹun, ẹnikẹ́ni kò sì ní bá a jiyàn, torí ta ni yóò sọ fún àgbà pé kò gbọ́ ohun tó ní òun gbọ́? Ó dìde.

"N kò gbọ́ ọ."

Ìjọ mí kanlẹ̀. Àǹtí Ṣadé gbé gìtá kalẹ̀ lórí itan rẹ̀, ó tẹ orí ba.

"Ẹ sinmẹ̀dọ̀, n kò tíì sọ̀rọ̀ tán. N kò gbọ́ ọ nítorí pé èmi ni mo fi fáníìṣì dí i lẹ́nu. Mo kùn ún bí ẹni kun àga. Àbí kí ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀? Àga. Ọmọ yìí ti mọ̀ láti àná, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, n kò sì mọ̀ títí di ìsinsìnyí tí mo jókòó síbí tí mo ń wo ìka rẹ̀. Ìdánwò òní kò kà. Èmi ni mo kùnà, kì í ṣe òun."

Àlùfáà bi í pé, "Ìgbà wo wá ni ìdánwò tirẹ̀, sà?"

"Nígbà tí mo bá ha á tán."

Gbogbo ìgbà ọyẹ́ ọdún náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni Bàbá Ìjọ ń wá nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú àfọ́kù ìgò tí àwọn káfíńtà fi ń ha fáníìṣì kúrò lára igi. Àǹtí Ṣadé á jókòó tì í.

"Díẹ̀díẹ̀, sà. Ẹ má wọnú igi."

"Ṣé ibí yìí ti tó?"

"Kò tíì tó, sà."

"Ìwọ ọmọ yìí, o le ju ọ̀gá mi ní rélùwéè lọ."

Inú rẹ̀ kò ṣeé ha. N kò ní purọ́ fún yín pé ohùn tó jó dòdò Màmá Rísí padà wá tán pátápátá. Kò padà tán. Ṣùgbọ́n èyí tó padà tó ọ̀rọ̀ í sọ. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan nínú ọdún tuntun, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kéde rẹ̀, Bàbá Ìjọ ti yàrá àlùfáà jáde, ó gbé gìtá náà dání pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì gbé e lé Àǹtí Ṣadé nítan. A rò pé yóò rìn lọ sí ẹ̀yìn. Kò lọ. Ó fa àga kan sún mọ́ àwọn akọrin obìnrin, ó jókòó sáàárín wọn, ó sì ṣí ìwé orin. Àwọn tó ti ṣíwọ́ wíwá sí ẹgbẹ́ akọrin wà níjókòó lọ́jọ́ náà. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti padà. Kò sí ẹni tó tún bi bàbá náà bóyá ó gbọ́.